Pákò Àárọ̀, Búrọ́ṣì Alẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀ràn Eyín Fífọ̀

Ní Olúpọ̀nnà, bí ó ti rí ní Ìwó tó múlé tì í àti káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, ẹnu fífọ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọlúàbí ń ṣe bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í fi ẹnu àìfọ̀ kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tilẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu tí omi kò tíì kàn ní agbára tirẹ̀, ìbáà ṣe fún ire tàbí fún ibi, nítorí náà wọ́n ń kó ẹnu wọn níjàánu títí wọn yóò fi run pákò tán. Ẹni tó bá sọ pé òyìnbó ló wá kọ́ Yorùbá ní ìmọ́tótó ẹnu kò mọ ìtàn.

Síbẹ̀, eyín ń ro wá. Ẹ wo ẹnu àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún nínú ẹbí yín, ẹ ó rí àlàfo níbi tí eyín ti kúrò. Ọ̀ràn náà kò sì mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn ńlá kan jáde lórí ìlera ẹnu. Ó sọ níbẹ̀ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ènìyàn ló ní àrùn ẹnu kan tàbí òmíràn, èyí tó sún mọ́ ìdajì gbogbo aráyé. Bílíọ̀nù méjì ni eyín àgbà wọn ti lu tí wọn kò rí ìtọ́jú. Àwọn ọmọdé tí eyín àkọ́hù wọn ti jẹrà lé ní 500 mílíọ̀nù. Nínú gbogbo àrùn tó ń bá ènìyàn jà láyé, kò sí èyí tó kárí tó eyín jíjẹrà, bẹ́ẹ̀ ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó rọrùn jù láti dènà.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò láti apá ibi púpọ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó fara mọ́ pákò, àwọn tó gbà pé ọṣẹ ìfọyín ló kù, àwọn àlùfáà àti àwọn dókítà eyín. Ibi tí mo parí sí ni pé àárọ̀ ni a mọ̀, alẹ́ ni a gbàgbé. Nítorí ẹni tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni a ṣe ń fọ ẹnu, kí ẹnu wa má baà rùn sí i. Ìwà rere ni. Ṣùgbọ́n òru, nígbà tí a ti dákẹ́ tí a sì ti sùn, ni àkókò tí eyín nílò ìtọ́jú jù.

Àwọn àgbà ní kòkòrò ló ń jẹ eyín. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Babilóníà àtijọ́ gbà pé aràn ń bẹ nínú eyín, ìgbàgbọ́ yìí sì pẹ́ gan-an ní Yúróòpù kí Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé, tó kọ ìwé ńlá kan ní ọdún 1728 tó sì ta ko ọ̀rọ̀ aràn náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun yóò fi èéfín tàbí ewé yọ kòkòrò jáde láti inú eyín yín, tó sì fi nǹkan funfun kan hàn yín lórí ewé, ẹ̀tàn ló ṣe. Kòkòrò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i. Ní London ní ọdún 1924 ni J. Kilian Clarke rí ọ̀kan nínú wọn tó burú jù, tó sì sọ ọ́ ní Streptococcus mutans. Ṣúgà ni ohun tó ń jẹ. Bí ó bá jẹ ṣúgà tán, ásíìdì ni ó ń yà, ásíìdì yìí ló sì ń yọ́ ara eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu.

Ní ọdún 1944, Robert Stephan, ará Amẹ́ríkà, fi hàn bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí ṣúgà bá wọ ẹnu, ásíìdì ti pọ̀ débi tó lè ba eyín jẹ́, ó sì lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí itọ́ tó fọ̀ ọ́ kúrò kí nǹkan tó padà bọ̀ sípò. Itọ́ ni Ọlọ́run fi ṣọ́ eyín wa. Bí a bá sùn, itọ́ a dínkù gan-an. Ẹni tó bá mu tíì oníṣúgà tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tó jẹ bisikíìtì lé e, tó sì gba orí ẹní lọ láìfọ ẹnu, ó ti gbé oúnjẹ fún kòkòrò ní àkókò tí ẹ̀ṣọ́ kò sí. Pákò tó bá run ní àárọ̀ ọjọ́ kejì yóò mú òórùn kúrò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibi ti wáyé mọ́jú.

Ọ̀ràn ẹran ìdí eyín tún wà níbẹ̀. Ìwádìí tó dá mi lójú jù lórí èyí ni èyí tí Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Aarhus ní Denmark, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1965. Ènìyàn méjìlá tí ẹran ìdí eyín wọn le dáadáa ni wọ́n ní kí wọ́n ṣíwọ́ eyín fífọ̀ pátápátá. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí mọ́kànlélógún, ìdí eyín gbogbo wọn ti wú, ó ti pọ́n. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ara wọn ti padà sípò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń fọ eyín tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹ̀rù ń bà, a ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀ kí ó lè jinná. Àìfọ̀ ló fa ẹ̀jẹ̀ náà lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá fi búrọ́ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ náà á dá. Bí ó bá kọ̀ tí kò dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà eyín, pàápàá ẹni tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, nítorí àrùn yìí àti ti ẹran ìdí eyín ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti ba ènìyàn jẹ́.

Wàyí o, pákò ńkọ́? Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wò ó. Orin àtà tí ń ta lẹ́nu bí ata, orin ìdí, àyìn, pákò Ìjẹ̀bú, ewúro, dógóyárò àti ọsàn wẹ́wẹ́: àwọn tó yan igi wọ̀nyí nínú igbó tó kún fún oríṣiríṣi igi mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa, àwọn onímọ̀ nípa oògùn gbé omi pákò oríṣiríṣi yẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1971 pé ó ní agbára lórí kòkòrò àrùn. Lọ́dún kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé omi gbòǹgbò àtà, nínú yàrá ìwádìí, lè dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sí ìrísí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó mú kí àwọn tó ń wá oògùn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde fi ojú sí igi tí àwa fi ń fọ ẹnu. Ní ọdún 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí wọ́n má pa pákò tì níbi tó bá ti jẹ́ àṣà wọn. Igi wà nílẹ̀, owó rẹ̀ kò wọ́n, ẹni tó ń run ún sì máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ ju ìṣẹ́jú méjì tí búrọ́ṣì ń béèrè lọ.

Ibi tí pákò kù sí ni pé iwájú ni ó máa ń dé jù. Ẹ̀yìn eyín, apá tó kọjú sí ahọ́n, àti àwọn eyín inú lọ́hùn-ún tí a fi ń lọ oúnjẹ kì í sábà rí tirẹ̀ gbà. Ẹni tó bá fẹ́ kí pákò ṣiṣẹ́ fún òun gbọ́dọ̀ fọ èèpo rẹ̀, kí ó jẹ orí rẹ̀ títí tí yóò fi di fọ́nrán rírọ̀, kí ó máa fà á láti ìdí eyín lọ sí orí rẹ̀, kí ó sì yí i dé gbogbo kọ̀rọ̀. Fífà á sọ́tùn-ún sósì tagbára-tagbára ń bó ẹran ìdí eyín. Kí ó gé orí tó ti lò sọnù kí ó tó lo èyí tó kù, kí ó má sì yá ẹnikẹ́ni.

Ohun tó wá yí ọ̀rọ̀ padà ni oúnjẹ. Àgbẹ̀ Olúpọ̀nnà láyé àtijọ́ ń jẹ iṣu, àmàlà, ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́. Oyin àti èso ni adùn tó mọ̀ jù, kì í sì í jẹ wọ́n ní wákàtí wákàtí. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀, pákò lè ṣọ́ ọ. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́rin ń lá súìtì kó tó dé iléèwé, ó ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò gbé búrẹ́dì mì ní ọ̀sán, wọ́n sì ń da ṣúgà sí ọ̀gì rẹ̀ lálẹ́. A ti mọ ohun tí èyí ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Láàárín ọdún 1945 sí 1953, ní ilé ìtọ́jú Vipeholm ní Sweden, wọ́n fún àwọn aláìsàn tí ọpọlọ wọn kò pé ní súìtì tí ń lẹ̀ mọ́ eyín láti wo bí eyín wọn yóò ṣe bàjẹ́. Ìwà ìkà gbáà ni, àwọn tí wọ́n lò kò sì lè sọ pé rárá. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi eyín àwọn aláìṣẹ̀ rà ni pé iye ìgbà tí ṣúgà ń wọ ẹnu lóòjọ́, pàápàá èyí tí ń lẹ̀, burú ju bí ṣúgà náà ti pọ̀ tó lọ. Ìyá tó bá fẹ́ fún ọmọ ní nǹkan dídùn, kí ó fún un pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan, kí ó má jẹ́ kó máa lá a kiri ní gbogbo ọjọ́. Ìjọba àpapọ̀ fi owó orí náírà mẹ́wàá lé líta kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú òfin ìṣúná 2021. Ní tèmi, iye yẹn kéré jù láti yí ọwọ́ ẹnikẹ́ni padà níwájú ìgò.

Nítorí ṣúgà yìí ni flúọ́ráìdì, èròjà tí ń ṣọ́ eyín, ṣe di dandan. Ní Colorado ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1901, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Frederick McKay kíyè sí i pé eyín àwọn ará ìlú kan ní àbàwọ́n, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹrà. Ó gba ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó mọ̀ pé flúọ́ráìdì inú omi wọn ló fà á. Nígbà tó di ọdún 1945, ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà, Grand Rapids, ti ń fi ìwọ̀n díẹ̀ rẹ̀ sínú omi ẹ̀rọ wọn. Flúọ́ráìdì a máa dí ibi tí ásíìdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lára eyín kí ó tó di ihò, bí birikìlà ti ń rẹ́ ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sán. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọṣẹ ìfọyín tó ní flúọ́ráìdì mọ́ àwọn oògùn kòṣeémáàní. Ìyẹn ni pé ọṣẹ tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Maclean, ohunkóhun tí ì báà kọ sára rẹ̀, oògùn ni bí flúọ́ráìdì bá wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ara páálí rẹ̀: kí iye rẹ̀ wà láàárín 1,000 sí 1,500 ppm, kí nọ́ńbà NAFDAC sì wà níbẹ̀. Àwọn ọṣẹ kan tí wọ́n ń polówó pé ewé àti egbò nìkan ni wọ́n fi ṣe é kò ní in rárá. Èédú lílọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi pa eyín kí ó lè funfun kò ní in pẹ̀lú, ó sì ń ha ara eyín. Iyọ̀ pẹ̀lú kò lè ṣe iṣẹ́ flúọ́ráìdì.

Bí a ṣe ń fọ eyín wá ńkọ́? Búrọ́ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ rà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè èyí tó le ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rò pé bí ó bá ti le tó ni yóò ti mọ́ tó. Ohun tí ń kọ́kọ́ lọ ni ẹran ìdí eyín, lẹ́yìn náà ni omi tútù yóò máa kan eyín. Charles Bass, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé ní ọdún 1948 ọ̀nà tí àwọn dókítà eyín ṣì fi ń kọ́ ènìyàn: kí ẹ dẹ búrọ́ṣì náà díẹ̀ sí ibi tí eyín ti pàdé ẹran rẹ̀, kí ẹ máa mì ín jẹ́jẹ́ lójú kan, eyín méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó sún síwájú. Ẹ fọ ìta, ẹ fọ inú, ẹ fọ orí ibi tí ẹ fi ń jẹun, kí ẹ sì fà á lórí ahọ́n. Ìṣẹ́jú méjì ni, ó sì gùn ju bí a ti rò lọ. Ẹ fi fóònù ka á lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lè mọ̀. Bí irun búrọ́ṣì bá ti ya, tàbí tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àárín eyín tí búrọ́ṣì kò dé, òwú ìfọyín ni ó yẹ ká fi fọ̀ ọ́. Igi tí a fi ń ta eyín lẹ́yìn ẹran jíjẹ ń yọ ẹran, ṣùgbọ́n ẹ má fi gún ìdí eyín.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ yóò ṣòro fún láti gbà: bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ tu ọṣẹ náà dànù, ṣùgbọ́n ẹ má fi omi yọ ẹnu. Àwa tí a ti mọ̀ pé ẹnu kò mọ́ àfi bí a bá da ife omi méjì sí i, èyí yóò ta lẹ́nu wa. Bí ẹ bá fi omi yọ ọ́, ẹ ti fọ flúọ́ráìdì tí ẹ fi owó rà dànù kí ó tó ṣiṣẹ́. Ní ti pé ká fọ̀ ọ́ kí a tó jẹun tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ní àárọ̀, iyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Àṣà wa pé kí a fọ̀ ọ́ ká tó jẹun dára. Ẹni tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, pàápàá bí ó bá jẹ ọsàn tàbí mu nǹkan kíkan, kí ó dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí ara eyín ṣì rọ̀ nígbà náà.

Níbi tí ìmọ̀ Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó ti agbègbè Ìwó, a kò lè sọ̀rọ̀ ẹnu ká má mẹ́nu ba síwáàkì, igi tí Mùsùlùmí fi ń run ẹnu. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ní bí kì í bá ṣe pé yóò ni àwọn ènìyàn òun lára, òun ì bá pa á láṣẹ fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Nínú ìlànà Ìmáámù Màlíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, síwáàkì gbígbẹ kò ṣe ààwẹ̀ ní nǹkan kan nígbàkigbà lójúmọ́. Èyí tó tutù tó ní adùn ni wọn kò fẹ́ fún aláàwẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín ní ọ̀sán ààwẹ̀ ni àwọn àlùfáà ń kìlọ̀ fún, kí ó má baà wọ ọ̀fun. Nítorí náà, kí aláàwẹ̀ fi búrọ́ṣì àti ọṣẹ fọ eyín lẹ́yìn sààrì kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó là, kí ó tún fọ̀ ọ́ kí ó tó sùn. Ní ọjọ́ gbogbo pàápàá, mo rí àǹfààní kan níbẹ̀. Àlùwàlá ní omi yíyọ lẹ́nu. Ẹni tó bá kírun Ìṣáì tán, tó jẹun tán, tó wá fọ eyín kó tó sùn, kò ní fi omi yọ ẹnu mọ́ títí di Àsùbáà. Flúọ́ráìdì yóò wà lórí eyín rẹ̀ mọ́jú. Kò sí wákàtí tó tún bọ́ sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọdé ni ọ̀rọ̀ wọn dùn mí jù. Wọ́n ní eyín àkọ́hù yóò ṣáà ká, pé ọmọ yóò jù ú sórí òrùlé. Ṣùgbọ́n eyín náà ń dun ọmọ kó tó ká, kò ní jẹ́ kó jẹun, kò ní jẹ́ kó sùn, òun ló sì ń ṣọ́ àyè de eyín àgbà tí ń bọ̀. Láti ìgbà tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ ni ó ti yẹ ká máa fọ̀ ọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ọṣẹ tó tó ẹyọ ìrẹsì kan ti tó. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, tó ẹyọ ẹ̀wà kékeré. Kí àgbà máa bá a fọ̀ ọ́ títí yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún méje, nítorí ọwọ́ ọmọ kò tíì mọ kọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kò mọ́, tí oúnjẹ kò tó lára rẹ̀, tí ìgbóná bá tún mú, lè ní noma, àrùn tí ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Ilé ìwòsàn kan wà ní Sókótó fún un, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kà á mọ́ àwọn àrùn tí aráyé pa tì ní oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Bí eyín bá ti lu tó sì ń ro, búrọ́ṣì kò lè dí i mọ́. Kànáfùrù á mú kí ó kú fún ìgbà díẹ̀. Ògógóró àti tábà yóò jó ẹran ẹnu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ: Ìbàdàn ní UCH, Ilé-Ifẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọ̀nà kò sì jìnnà púpọ̀ sí Olúpọ̀nnà. Ẹni tó bá lọ nígbà tí ihò náà ṣì kéré, wọn yóò dí i fún un. Ẹni tó bá dúró títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi wú, yíyọ ni yóò kù. Ní Karlstad ní Sweden, Per Axelsson àti Jan Lindhe tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà tí wọ́n kọ́ ní eyín fífọ̀ dáadáa tí wọ́n sì ń rí olùtọ́jú eyín déédéé, fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí wọ́n kọ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2004, eyín tí ènìyàn kọ̀ọ̀kan pàdánù kò pé méjì ní ìpíndọ́gba. Ọjọ́ ogbó kọ́ ló ń ká eyín ènìyàn.

Ẹ̀yin ìyá àti baba, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀ tí ìlú ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, mo bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí pákò máa bá iṣẹ́ àárọ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, lẹ́yìn oúnjẹ ìkẹyìn, ẹ mú búrọ́ṣì àti ọṣẹ oníflúọ́ráìdì, ẹ fọ eyín yín fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ tu ọṣẹ náà dànù láìfi omi yọ ẹnu, kí ẹ sì rí i pé kò sí ọmọ kan nínú ilé tó sùn láìṣe bẹ́ẹ̀.